Òjò Inú Dísìkì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdù

Mo purọ́ fún ọmọ mi obìnrin ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè fi ojú ara mi kà á, nítorí n kò tíì kọ ọ́ síbì kankan rí, èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ iye òjò tó rọ̀ sílẹ̀ ní ibùdó ojú-ọjọ́ láìfo ọjọ́ kan.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà. Òun àti ìyá rẹ̀ ń kọ́ ìlú kan nínú gémù kọ̀ǹpútà. Àìsàn ti dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, nítorí náà wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lọ bá a níbẹ̀. Ọmọ a kọ́lé, ìyá a gbin igi. Ó ní igi kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ara bá tu òun. Lẹ́yìn náà ni ọmọ yìí fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣirò. Inú bí mi. Mo tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, mo yọ dísìkì inú rẹ̀, mo fi òmíràn tó ṣófo rọ́pò. Mo ní iná tó ṣẹ́jú nígbà ìjì ló jó o. Mo tún fi kún un pé, "Bí dísìkì ṣe máa ń kú nìyẹn. Kì í dágbére." Èrò mi ni pé n ó dá a padà lẹ́yìn ìdánwò kejì. Ìyá rẹ̀ kú kí ìdánwò náà tó dé. Láti ìgbà náà, n kò mọ ẹnu tí n ó fi sọ ọ́.

Dísìkì náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi, nínú agolo òṣùwọ̀n òjò àtijọ́.

Ohun tó mú mi kọ èyí lónìí ni pé ọmọ náà wá kí mi lánàá. Ó ní yàrá gémù kan báyìí, kọ̀ǹpútà méjìlá, àwọn ènìyàn ń sanwó wákàtí láti wá ṣeré. Dísìkì inú wọn ti gbó, ó fẹ́ fi SSD tuntun, dísìkì ìgbàlódé tí kò ní ohun tó ń yí nínú, pààrọ̀ gbogbo wọn. Òrùlé yàrá náà sì ń jò. Owó ọwọ́ rẹ̀ tó òrùlé àti SSD lásán. Bí ó bá ra èyí tí wọ́n ń pè ní alápẹ́, tó ń pẹ́ kí ó tó gbó, tí owó ọ̀kan rẹ̀ sì tó ra lásán mẹ́ta, òrùlé yóò dúró di ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní alápẹ́ lòun máa rà. Mo ní kí ló dé.

"Bàbá mi, dísìkì ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Mo ní mo mọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti àárọ̀. Mo lọ sí yàrá gémù. Àwọn aṣọ fèrèsé dúdú, iná aláwọ̀ búlúù lábẹ́ tábìlì, ojú àwọn ènìyàn ń tàn bí ẹja inú omi. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹnì kan. Basíà mẹ́ta wà nílẹ̀ lábẹ́ ibi tó ń jò, omi ń kán sínú wọn pẹ̀lú ohùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹni tó ń ta dísìkì wà níbẹ̀. Ọ̀gá Gàráǹtì ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí kò lè sọ gbólóhùn méjì kí gàráǹtì má wọ̀ ọ́. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

"Bàbá, SSD dà bí síléètì. Ẹ kà á títí di ọ̀la, kò ní gbó. Kíkọ àti pípa rẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Èyí tó jẹ́ lásán, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní ó máa gba ẹgbẹ̀ta tẹ́ràbáìtì ìkọsílẹ̀ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Alápẹ́, ẹgbẹ̀sán. Gàráǹtì ni."

"Mélòó ni onígémù kan ń kọ sí i lójúmọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ta ló ń ka ìyẹn?"

Ọmọ mi wò mí. "Bàbá mi ló ń ka ìyẹn," ni ó wí. "Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n. Ìgbàkigbà tí ẹ bá wọn nǹkan, ọkàn mi máa ń balẹ̀."

Ọ̀gá Gàráǹtì yá wa ní lásán tuntun kan, ó fi í sínú ẹ̀rọ kẹrin. Ó ní òun kò ní fi kún iye owó alápẹ́ títí di ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òun kò mọ̀.

Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, bí a ṣe máa ń ṣe ní ibùdó ojú-ọjọ́. Nọ́ńbà kan wà nínú dísìkì náà tó ń ka iye tí wọ́n ti kọ sí i. Ọmọ mi fi hàn mí bí n ó ṣe máa ṣí i. Gígábáìtì ni a fi ń kà á. Ẹgbẹ̀rún gígà ló ń di tẹ́rà kan.

Ẹ̀rọ kẹrin: 90. Gémù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sórí rẹ̀ ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

118. Òjò ní òwúrọ̀, oòrùn ní ọ̀sán.

Àìkú, ọjọ́ keje

150.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń wá sáré mọ́tò nínú gémù tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ lọ́rùn. Obìnrin náà ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó sì ń wa mọ́tò bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ̀rọ kẹrin ni ìjókòó rẹ̀. Ó bá mi níbi tí mo ti tẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú ìwé àti bírò.

"Bàbá Olójò, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń lọ sókè," ni mo wí.

"Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ iyọ̀ o."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

176 lọ́jọ́ Ajé, 209 lánàá, 240 lónìí. Ó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ bí òjò tó ń wọ àárín gbùngbùn rẹ̀. Mo ti mọ irú gígun òkè yìí. Mo ya ìlà rẹ̀ sórí pépà onígun mẹ́rin kéékèèké, mo sì rí i pé ó gún régé bí òpó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mo ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ mẹ́fà, 983 gígà. Tí ó bá ń pọ̀ báyìí lọ, ẹgbẹ̀ta tẹ́ràbáìtì yóò tán kí oṣù méje tó pé.

Mo sọ fún ọmọ mi. Ó jókòó sórí tábìlì, ó na ẹsẹ̀.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo sọ fún gbogbo wọn. Alápẹ́ ni."

"Alápẹ́ ni," ni mo wí.

Kí n kọ ohun tó kù. Nígbà tí mo rí ìdáhùn náà, ara tù mí. Ó dà bí ẹni pé irọ́ mi àtijọ́ ti di ìmọ̀ràn rere láìmọ̀. Dísìkì ń kú lóòótọ́. Ìbẹ̀rù tí mo gbìn sí i nínú ti wúlò fún un. Mo rìn dé ilé nínú òjò láìṣí agboòrùn, bí ẹni tí wọ́n dá láre.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo sùn lọ lórí àga lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo bá ara mi nínú ìlú náà. N kò rí i rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, láti ẹnu ọ̀nà, nígbà tí mo wọ yàrá láti ní kí wọ́n pa iná. Síbẹ̀ mo mọ gbogbo òpópónà rẹ̀. Ilé aláwọ̀ ọsàn ní ọ̀tún, afárá kékeré tí kò sí odò lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ènìyàn. Àwọn igi dúró ní ìlà, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, wọn kò sì mi, nítorí wọn kò tíì dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Òjò ń rọ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ilẹ̀. Mo ń ka igi. Mo dé mọ́kàndínlógójì, ìró òrùlé jí mi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Owó páànù òrùlé tún ti lọ sókè. Olórùlé ní tí a bá dúró di ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tí a ó rí, ojú wa ni yóò rí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọlọ́run má jẹ́ kí ọgbọ́n àgbà gbó mọ́ wa lórí.

Lánàá ni òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní tààrà sórí ẹ̀rọ kẹrin. Lẹ́yìn tí mo ti ka nọ́ńbà àárọ̀, 451, wọ́n pa á, wọ́n fi ọ̀rá bò ó, Nọ́ọ̀sì sì lọ sáré mọ́tò lórí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án ní gbogbo ọjọ́. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án òní, mo ní kí wọ́n tan án fún mi kí n ṣá kàn kọ òdo síwájú ọjọ́ náà.

451.

Mo wò ó. Ó dà bí ẹni pé òjò kò rọ̀, síbẹ̀ omi wà nínú ife òṣùwọ̀n. Mo nu dígí mi. 451, kò lé, kò dín.

Ní ibùdó ojú-ọjọ́, ohun àkọ́kọ́ tí a ń kọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ni pé: wọ̀n ọ́n, kọ ọ́, dà á nù. Ẹni tí kò bá da omi àná nù yóò ka òjò àná mọ́ tòní. Mo ti fi àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣẹ̀sín lórí ọ̀rọ̀ yìí títí wọ́n fi sunkún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nọ́ńbà inú dísìkì kì í dà nù. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ń gbé pọ̀ lójú kan. Òjò kò pọ̀ sí i rárá. Ife kan náà ni mo ń wọ̀n lójoojúmọ́, tí mo ń pè é ní òjò tuntun.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, mo wá ṣe àṣìṣe ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo tún un ṣe. Mo yọ àná kúrò nínú òní, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan: 28, 32, 26, 33, 31. Ọgbọ̀n gígà lójúmọ́, ó lé díẹ̀, ó dín díẹ̀. Òjò wẹ́rẹ́. Ẹgbẹ̀ta tẹ́ràbáìtì á gbà tó ẹgbàáwàá ọjọ́ kí ó tó tán. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta àti oṣù díẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé onígémù kì í kọ púpọ̀. Ó ń kà ni. Ọ̀nà, igi, mọ́tò, ògiri, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú dísìkì láti ọjọ́ tí wọ́n kó o sí i. Ẹ̀rọ kàn ń gbé e wá síwájú rẹ̀. Ibi tí ó bá eré dé nìkan ni ó ń kọ, àti gémù tuntun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Dísìkì lásán yóò sin mí. Bóyá ohun mìíràn ni yóò pa á, iná tó ń ṣe ségesège tàbí omi orí òrùlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe kíkọ.

Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Mo sọ fún un níwájú ẹ̀rọ kẹrin. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó káwọ́ gbera.

"Bàbá mi, lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ ní oṣù méje. Lónìí ẹ ní ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? Títí ayé?"

Nọ́ọ̀sì kò yíjú kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. "Ó ti yè," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí ó máa lọ sílé."

"Àṣìṣe ni mo ṣe," ni mo wí. "Mi ò da omi nù."

"Omi wo?"

Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ ọ. Kì í ṣe òmùgọ̀ ọmọ, ìṣirò tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ nígbà náà ló ń fi jẹun lónìí. Ó ní gbogbo rẹ̀ yé òun. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó yé mi lórí pépà. Ṣùgbọ́n mo ti jí lọ́jọ́ kan, mo tan kọ̀ǹpútà, ohun tí mo fi ọdún mẹ́ta kọ́ ti lọ. Kò sí pépà tó kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ náà. Tí òrùlé bá jò, mo máa gbé basíà sí i. Tí dísìkì bá kú, basíà wo ni mo fẹ́ gbé sí i?"

Èsì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi nílé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Ẹ̀rọ kejìlá yàtọ̀. Òun ni wọ́n fi ń ká àwòrán ìdíje sílẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn títí wọ́n á fi tì í, kí wọ́n lè fi hàn àwọn tó wà nílé. Láti àná dé òní: 400. Èyí ni òjò ńlá. Lásán yóò rẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Alápẹ́ yóò gbà á fún méjìlá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ọ̀kan yẹ, mọ́kànlá kò yẹ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo lọ bá Ọ̀gá Gàráǹtì ní ṣọ́ọ̀bù. Yàrá tóóró, páálí dé òkè àjà, òun fúnra rẹ̀ láàárín wọn bí ìwé nínú àpò ìwé. Mo fi ìṣirò mi hàn án. Ó kà á, ó tún un kà, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń ṣeré lásán, dísìkì lásán ti tó o. Ẹni tó ń ká fídíò sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ló ni alápẹ́."

"Èwo ló wà nínú tìrẹ nílé?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wo ojú mi." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Lásán ni. Ṣùgbọ́n Máńíjà, ọmọ yín, ló ní alápẹ́ lòun fẹ́. Ṣé kí n máa bá oníbàárà jà ni?"

Mo wá béèrè bí ẹni tó ń béèrè fún ọ̀rẹ́: dísìkì àtijọ́, irú èyí tó máa ń yí nínú, tí ó bá ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélógún láìrí iná, ṣé ohun inú rẹ̀ á ṣì wà?

Ó ní èyí tí mo ń wí yìí sàn ju SSD lọ níbẹ̀. SSD tó bá pẹ́ jù láìrí iná máa ń gbàgbé, díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ń yí kì í tètè gbàgbé, ṣùgbọ́n orí tó fi ń kà àti ẹsẹ̀ tó fi ń yí lè ti gan. "Tí kò bá rí ọ̀rinrin, ó ṣeé ṣe. Ẹ gbé e wá, kí n wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni."

Mo ní rárá. Ó ní kí ló dé. Mo ní kì í ṣe ohun ọ̀rẹ́ mi láti gbé jáde. Ó wò mí pẹ́, kò sì dárúkọ gàráǹtì.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo gbé agolo náà sílẹ̀. Ọdọọdún, tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, mo máa ń pààrọ̀ àwọn àpò kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà. N kò fo ọdún kan. Mo ti bi ara mi léèrè ohun tí mo ń tọ́jú. Ẹni tó fẹ́ kí nǹkan parẹ́ kì í pààrọ̀ àpò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dá a padà kì í gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo wà láàárín àwọn méjèèjì, mo sì ń jẹ́ kí ó gbẹ.

Ọ̀sẹ̀ tí aya mi kú, ó bi mí pé, "Ṣé iná náà kò lè dá igi mẹ́ta péré sí?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó dáa." Ó yíjú sí ògiri.

Wọ́n ní irọ́ á lọ fún ogún ọdún, òtítọ́ á bá a lọ́jọ́ kan. Tèmi ti fi ọdún mẹ́rin lé e, òtítọ́ kò tíì dé, nítorí pé èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Òórùn ilẹ̀ tútù. Mo tún lá àlá ìlú náà, ní ọ̀sán. Lọ́tẹ̀ yìí aya mi jókòó lábẹ́ igi tó kẹ́yìn, ó di ife ìwọ̀n mi mú. Ó kún dé etí. Kò bínú. Ó ní, "Ìwọ, o ò tíì dà á nù?" Mo na ọwọ́ sí ife náà, ó ní, "Bí o bá gbà á, má tún gbé e pamọ́. Ọmọ ni wàá gbé e fún."

Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀njọ́

Mo lọ síbẹ̀ láti sọ ọ́. Òjò tóbi, basíà kún. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé èyí dà." Mo gbé e jáde, mo dà á, mo gbé e wọlé. Mo gbé òmíràn. Basíà márùn-ún ni mo dà, mo sì padà sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù Agẹmọ

Ọ̀la ni yóò sanwó. Ọ̀la náà ni n ó sọ ọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kẹta oṣù Agẹmọ

N ó kọ àbájáde rẹ̀ ṣáájú. Alápẹ́ kan ni wọ́n rà, fún ẹ̀rọ kejìlá. Lásán ni mọ́kànlá yòókù. Àwọn olórùlé ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án ni mo dé. Wọn kò tíì ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà, aṣọ fèrèsé wà ní ṣíṣí, ìmọ́lẹ̀ òjò sì wọ inú yàrá náà, ó rọra funfun bí wàrà. Mo gbé agolo náà sí abíyá. Ọ̀gá Gàráǹtì ti to páálí méjìlá sórí tábìlì. Ọmọ mi di owó mú nínú àpò ìwé.

"Bàbá mi, ẹ tún gbé òṣùwọ̀n mìíràn dé? Basíà ti tó wa o."

"Kì í ṣe fún òjò," ni mo wí. "Ìyá mi, má tíì sanwó yẹn."

"Bàbá, a ti parí ọ̀rọ̀ yìí."

"Ìwọ ti parí rẹ̀. Èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀ tèmi."

Ọ̀gá Gàráǹtì ní òun fẹ́ lọ wo mọ́tò òun níta. Kò ní mọ́tò.

Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ náà láti ilé, pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ àti àwáwí. Kò sí ọ̀kan tó wá. Mo kàn sọ ọ́. Mo ní, "Dísìkì rẹ ìgbà yẹn kò jó. Kò kú. Èmi ni mo yọ ọ́ nítorí ìdánwò, mo sì purọ́ fún ọ. Mo purọ́ fún ìyá rẹ pẹ̀lú."

Omi ń kán. Mo ka mọ́kànlá.

"Màmi náà?" ni ó wí.

"Òun náà."

Ó jókòó sórí àga Nọ́ọ̀sì. Ohùn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi sọ̀rọ̀, mo mọ̀ ọ́n.

"Mo kúnlẹ̀ bẹ Màmi. Ẹ ò mọ ìyẹn. Mo rò pé èmi ni mo gbàgbé láti pa kọ̀ǹpútà nígbà ìjì yẹn. Mo ní, Màmi, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo pa igi yín. Ó ní kò sí nǹkan. Láti ìgbà yẹn, Bàbá, mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀ ní títàn sùn rí. Mo máa ń dìde lọ wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Èyí ni n kò mọ̀. Mo rò pé mo mọ gbogbo ìwọ̀n ohun tí mo ṣe, mo ti kọ ọ́ sínú ọkàn mi lọ́dọọdún. Ṣé ẹ rí i, ife kan ṣoṣo ni mo ń wò. Ìyókù ń dà sórí ẹlòmíràn.

Mo ní, "Kì í ṣe ìwọ. Kò fìgbà kan jẹ́ ìwọ. Dídọ̀bálẹ̀ ni ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọ, orúnkún mi ni kò jẹ́."

"Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ta ló máa gbé yín dìde?"

Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó pe ọkùnrin náà wọlé, ibẹ̀ ló sì ti sọ fún un ohun tí mo ti kọ sókè. Ọ̀gá Gàráǹtì kó alápẹ́ mọ́kànlá padà láìjiyàn. Ó ní òun á kó lásán dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì lọ.

Ó ku àwa méjì.

"Kò túmọ̀ sí pé mo ti dárí jì yín o," ni ó wí.

"Mo mọ̀."

"Mi ò mọ ìgbà tí mo máa ṣe é."

"Mo mọ̀."

"Ó wà nínú agolo yẹn?"

Mo ṣí ìdérí. Mo tú aṣọ àwọ̀ eérú tí a fi ń nu ife ní ibùdó ojú-ọjọ́. Ó na ìka kan, ó fọwọ́ kan aṣọ náà, ó fọwọ́ kan àwọn àpò kéékèèké.

"Ó gbẹ," ni ó wí. "Ta ló ń pààrọ̀ àwọn nǹkan wọ̀nyí?"

"Èmi ni."

"Lọ́dọọdún?"

"Lọ́dọọdún."

Ó wo ojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́. "Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"N kò mọ̀. Ọ̀gá Gàráǹtì ní òun á bá mi wò ó, mo kọ̀. Ìwọ àti ìyá rẹ lẹ ni ohun tó wà níbẹ̀."

Ó jókòó dáadáa, ó fa àga mọ́ tábìlì, ó ṣe àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí àwo lórí itan rẹ̀. Mo gbé dísìkì náà jáde. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Mo tẹ̀ ba, bí orúnkún mi ṣe lè ṣe é tó, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, bí ọmọdé ṣe ń gbé nǹkan fún àgbà.